Wàrà Inú Àpótí Táwẹ̀lì

“Àìsàn? Àìsàn wo?” Onígbàjámọ̀ gbé kílípà sókè bí ẹni tó fẹ́ fi búra. “Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí nọ́ọ̀sì ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ gbẹ̀yìn. Àìsàn tó bá fẹ́ wọ ilé tèmi, yóò kọ́kọ́ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò dúró. Èmi náà á wá rán ìyàwó mi sí i pé mi ò sí nílé!”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Àìsàn-Ò-Mọlé, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀, dígí gígùn kan tó ti sán nísàlẹ̀, àti àpótí kékeré onílẹ̀kùn dígí kan tó ń lo iná mànàmáná. Inú àpótí yìí ni ó ń mú táwẹ̀lì gbóná sí, kó tó fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn tó bá wá fá irùngbọ̀n. Kò sí onígbàjámọ̀ mìíràn ní àdúgbò tó ní irú rẹ̀. Ó máa ń nù ún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń gba atẹ́gùn. Ìyá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Oṣù méjì sẹ́yìn, òtútù àyà kọ lù ú, ilé ìwòsàn ló gbà á lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, ara rẹ̀ ti mókun, ohùn rẹ̀ sì ti padà sípò.

Olùkọ́ kan ló wà lórí àga, wọ́n ti gé irun apá kan orí rẹ̀, ó ku apá kejì. Ó wo Màmá nínú dígí.

“Màmá, ara yín mà ti le o! Ojú yín ń dán. Kí lẹ ń lò?”

“Wàrà ọmọ mi kékeré ni,” Màmá dáhùn. “Àràárọ̀ ló ń gbé e wá. Wàrà yẹn ló gbé mi dìde. Ọmọ yẹn tọ́jú mi.”

Kílípà yẹ̀. Ó wọ àárín orí olùkọ́ bí akọ màlúù tó já wọ oko àgbàdo, kò sì dúró títí ó fi dé ìpàkọ́.

“Ọ̀gá! Kí lẹ ṣe fún mi?”

“Àṣà tuntun ni.”

“Àṣà kẹ̀? Títì lẹ là sí mi lórí!”

“Ẹ fara balẹ̀, olùkọ́. A ó kúkú fá gbogbo rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tó wá gé irun díẹ̀ ṣe lọ sílé pẹ̀lú orí tó ń dán ju ojú Màmá lọ. Àìsàn-Ò-Mọlé kò tilẹ̀ rí i nígbà tó jáde. Owú ti dé, ó ti gba àga, ó ti jókòó.

Ta ló gbé Màmá pọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ọkọ̀ kò sí? Òun ni. Ta ló fi ọjọ́ mẹ́fà jókòó lórí bẹ́ńṣì títí ìdí fi kú tipiri? Òun náà ni. Ta ló ń ka oògùn apakòkòrò sí i lọ́wọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, títí ó fi lò ó tán? Ṣé wàrà ni? Ife wàrà kan ṣoṣo ló wá kó gbogbo ìyìn bí ẹni kó aṣọ tó gbẹ.

Àbúrò rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Oníwàrà, kò jìnnà. Òdìkejì títì gan-an ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tó ti ń ṣe wàrà kíkan, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní yógọ́ọ̀tì. Láràárọ̀ ló máa ń sọdá pẹ̀lú ife kan lábẹ́ ìdérí. Àìsàn-Ò-Mọlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀rín Màmá. Bí Oníwàrà bá wọlé, Màmá á rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jókòó. Bí òun bá wọlé, ẹ̀ẹ̀kan péré, ìyẹn náà sì jẹ́ ọjọ́ tí òun fi orúnkún gbá ilẹ̀kùn.

Ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè: “Kí ló dé tí Màmá kì í yọ̀ báyẹn tí wọ́n bá rí mi?”

“Ẹ̀yin náà,” ni ìyàwó wí, “abẹ ló máa ń wà lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá wọlé.”

“Èmi náà lè ṣe wàrà!”

“Ẹ lọ bi àbúrò yín, á kọ́ yín.”

“Kí n lọ bi ta? Ọmọ tí mo fọ imú fún?”

Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ wa yìí ti di àgbà ju àwọn àgbà lọ. Ó sọdá títì ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, ó sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé àbúrò rẹ̀, ó sì na etí sókè bí ehoro.

Oníwàrà wà nínú, ó wọ aṣọ ìdáàbòbò funfun. Ó bu ìgbakọ kan nínú wàrà kíkan ti àná, ó dà á sínú ike wàrà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rò ó, ó dé e, ó fi aṣọ nínípọn wé e. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí obìnrin kan tó wá ra wàrà.

“Ìyá, ohun abẹ̀mí ló wà nínú wàrà yìí o. Kòkòrò rere ni, ojú lásán ò lè rí wọn. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má gbé e kaná rárá. Iná máa ń pa wọ́n.”

Ó tó! Onígbàjámọ̀ sá lọ. Ó ti gbọ́ àṣírí. Bó bá tètè dé ní wákàtí méjì ṣáájú ni, ì bá bá ìkòkò ńlá lórí iná. Ì bá rí bí àbúrò rẹ̀ ṣe se wàrà náà títí ó fi hó, tó wá dúró tì í kó tutù díẹ̀ kó tó da kòkòrò rere sí i. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ló rí, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́, ó sì gbé méjèèjì lọ sílé bí ẹni tó gbé odidi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ẹ̀yìn ìlú, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń sin màlúù. Ìyá náà fún wàrà sínú kòròbá lójú rẹ̀, ìfófòó sì bo ojú wàrà náà.

“Ẹ rántí sè é o, ọ̀gá,” ìyá náà wí. “Màlúù mi mọ́, ṣùgbọ́n màlúù ni. Ibi tí ọmú rẹ̀ wà, ìrù rẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀.”

“Ìyá, iná máa ń pa kòkòrò rere.”

“Ta ló wá sọ fún yín pé èyí tó dára nìkan ló wà níbẹ̀?”

“Ẹ ò lè mọ̀,” Àìsàn-Ò-Mọlé dáhùn. “Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni.”

Ìyá náà wo ojú rẹ̀, ó wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó padà sídìí màlúù tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Oníbàárà kan wà tí wọ́n ń pè ní Alápá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé irin sókè kó sì máa gbé e kalẹ̀, apá rẹ̀ sì ti tóbi débi pé kò lè fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀ mọ́. Alápá ní agolo páúdà kan tí wọ́n fi wàrà ṣe.

“Èròjà amúaradàgbà inú wàrà ni,” ó ṣàlàyé. “Òun ni ara fi ń kọ́ iṣan. Òun náà ni ara fi ń rọ ohun ìjà tó fi ń bá àìsàn jà.”

“Ṣíbí mélòó?”

“Ẹyọ kan, fún ẹni tó ń gbé irin bíi tèmi.”

“Màmá á gba mẹ́ta.”

“Màmá ń gbé irin ni?”

“Bù ú wá, jàre!”

Ibo ni wàrà náà yóò wá sùn sí? Oníwàrà ní aṣọ nínípọn, ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ ní àpótí! Ó kó táwẹ̀lì sí apá òkè, ó gbé ike wàrà sí apá ìsàlẹ̀, ó da ife wàrà kíkan kan tó rí nínú fíríìjì ilé sí i, ó bu páúdà lé e, ó ti ilẹ̀kùn dígí. Àpótí náà kò gbóná tó láti pa kòkòrò kankan. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ibùsùn ìyàwó tuntun ni. Kòkòrò rere wọlé, ó bá kòkòrò búburú níbẹ̀, onílé ti pọ̀ ju àlejò lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wàrà ti dì. Ó ki, ó funfun, ó sì ń rùn díẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n. Àìsàn-Ò-Mọlé fi ṣíbí tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó gbé ife kan wọ yàrá Màmá.

“Màmá, èmi ni mo ṣe eléyìí fúnra mi.”

“Ìwọ? O káre. Gbé e síbẹ̀, màá mu ún.”

“Ẹ mu ún kí n rí i.”

“Mo ní màá mu ún.”

“Mo dúró.”

Ó dúró lóòótọ́. Ó káwọ́ lẹ́rán, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọ́ èkejì. Màmá wo ife, ó wo ọmọ, ó gbé e mu. Ó gbé ife òfìfo kalẹ̀.

“Ó dára.”

“Ṣó dára ju ti àbúrò mi lọ?”

“Ó ki jù ú lọ.”

Inú onígbàjámọ̀ dùn, ó fò jáde. Ní ọjọ́ kejì, ó tún gbé ife mìíràn wá, ó tún dúró. Nígbà tó di ọ̀sán, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ké sí òdìkejì títì.

“Oníwàrà! Ìwọ má wulẹ̀ gbé ife wá mọ́! Màmá ti rí èyí tó jù ú lọ!”

Àbúrò rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fún wọn?”

“Béèrè lọ́wọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi Màmá ṣeré o. Ara wọn ò tíì le tán.”

“Owú ló ń jẹ ọ́! Tó bá dọ̀la, Màmá á máa sáré lójú títì yìí! Wọ́n á máa sáré, wọ́n á—”

“Ẹ gbà mí o!” Ìyàwó rẹ̀ ló pariwo láti inú ilé wọn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. “Màmá ṣubú!”

Wọ́n bá Màmá nílẹ̀ yàrá. Ó ti ń bì láti ìdájí láìsọ fẹ́nì kan, ìgbẹ́ gbuuru sì ti gbà á lágbára. Ara rẹ̀ gbóná bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti rì wọlé. Kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí owú lè ṣe: ohun àkọ́kọ́ tó wọ ọkàn Àìsàn-Ò-Mọlé ni pé kó lọ bu ife kẹta wá kó fi gbé e dìde. Àbúrò rẹ̀ ló ti ń gbé Màmá sẹ́yìn, ló ń sáré lọ sójú títì. Èyí gan-an ló tún mú kí ẹ̀gbọ́n sá tẹ̀ lé e, nítorí pé òun ló yẹ kó pọ̀n ọ́n.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan tó sanra díẹ̀, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, gún Màmá lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára. Ó wá kọjú sí àwọn ọmọkùnrin méjèèjì, ìwé àti bírò lọ́wọ́.

“Kí ni Màmá jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yìí?”

“Búrẹ́dì,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ẹyin. Ìrẹsì.”

“Kí ni wọ́n mu?”

Àìsàn-Ò-Mọlé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó rí aṣọ ìdáàbòbò funfun tí kò tíì bọ́. Ó rí ẹ̀rín mẹ́ta láràárọ̀. Ahọ́n rẹ̀ sì ṣe ohun tí kò rán an.

“Wàrà àbúrò mi ni wọ́n mu.”

Òótọ́ ni pé àbúrò rẹ̀ ń gbé wàrà wá. Ìdajì òótọ́ ló ṣòro jù láti mú bí irọ́.

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. “Ta ni oníwàrà?”

“Èmi ni,” ni àbúrò wí.

“Ṣé ẹ máa ń sè é?”

“Láràárọ̀. Á hó dáadáa, mo máa ń fi ẹ̀rọ ìwọn-ooru wọ̀n ọ́n.”

“Èèyàn mélòó ló rà á lọ́dọ̀ yín lánàá?”

“Wọ́n á tó ogójì.” Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò. “Àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Nọ́ọ̀sì, bó bá jẹ́ tèmi ló ṣe Màmá báyìí, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn wolé-wolé kí wọ́n wá ti ibẹ̀ pa. Èmi fúnra mi ni màá fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ kàn bá mi gba ìyá mi là.”

Ó bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé inú òun máa dùn. Kò dùn.

Nọ́ọ̀sì ń kọ̀wé. “Bó bá jẹ́ wàrà tí a sè dáadáa ni, a ò ní dojú kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. A ó wá ohun mìíràn. Ó lè jẹ́ oògùn tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀ ló da inú wọn rú, ó lè jẹ́ omi. Ó máa gbà wá lásìkò.” Ó wo Màmá. “Ọjọ́ orí yìí kò sì ní àsìkò púpọ̀ láti fi ta wá lọ́rẹ.”

“Nọ́ọ̀sì.”

“Mo ń gbọ́.”

“Kì í ṣe tiẹ̀.” Òógùn bo onígbàjámọ̀. “Tèmi ni. Ó jẹ́ wàrà tútù láti ìdí màlúù. Mi ò sè é. Inú àpótí táwẹ̀lì ni mo gbé e sí di ọjọ́ kejì.”

Bírò dúró. “Àpótí kí ni?”

“Táwẹ̀lì. Èyí tí mo fi ń nu irùngbọ̀n àwọn èèyàn.”

Nọ́ọ̀sì yìí ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ti yọ owó ẹyọ nínú imú ọmọdé, ó ti yọ ìkòkò kúrò lórí àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wá ibi jókòó.

“Ìyá yín ti lé ní ọgọ́rin ọdún,” ó wí jẹ́ẹ́, “òtútù àyà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun inú ara wọn ṣì ń fi ọ̀pá rìn, ẹ wá fún wọn ní wàrà tútù?”

“Wọ́n ní iná máa ń pa kòkòrò rere.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń kọ́kọ́ se wàrà kí èyí tí kò dára lè kú, ká tó wá da èyí tó dára sí i lẹ́yìn tó bá ti tutù díẹ̀. Tó bá ti di wàrà kíkan, a ò wá ní gbé e kaná mọ́. Ohun tí àbúrò yín ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn. Ẹ ò bi í ni?”

“Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.”

“Mo rí i.”

Ó ránṣẹ́ pe dókítà, wọ́n sì yí ìtọ́jú Màmá padà lójú ẹsẹ̀. Àìsàn-Ò-Mọlé kọjú sí àbúrò rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Ó ní: “Àbúrò mi, mo…” Ó di ikùn mú. Ojú rẹ̀ yí padà, ó di àwọ̀ ewé tó fẹ́ rọ. Ẹ rántí pé ó tọ́ wàrà náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé kí ló dé, ó ti sáré gba ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lójú ọ̀nà.

Láàárín wákàtí kan, òun náà ti wà lórí ibùsùn tó kángun sí ti ìyá rẹ̀, omi ń kán sí i lára. Nọ́ọ̀sì fa ìwé tuntun yọ.

“Kí lorúkọ yín?”

Ó sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Fún ọjọ́ méjì, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá Màmá á là á já. Oníwàrà jókòó sórí bẹ́ńṣì, ìdí tirẹ̀ náà kú tipiri. Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀, kò lè ṣe ju kó máa wo àyà ìyá rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ibà náà rọlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá la ojú, ó wo ọ̀tún, ó rí ọmọ rẹ̀ àgbà pẹ̀lú rọ́bà omi lọ́wọ́.

“Ìwọ náà kẹ̀?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá.”

“Ta ló ń fá irun?”

Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn wolé-wolé dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé àpótí onídígí lọ, wọ́n sì ní kó fi omi gbígbóná àti oògùn fọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kó tó fi ọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Wọn ò pè é ní Àìsàn-Ò-Mọlé mọ́. Mi ò lè kọ orúkọ tuntun tí wọ́n sọ ọ́ síhìn-ín, nítorí àwọn ọmọdé lè ka ìwé yìí.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá wọn sílẹ̀, Oníwàrà gbé ike wàrà kékeré kan wá fún nọ́ọ̀sì láti fi dúpẹ́. Ayọ̀ ti gùn ún díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n ti wá rí i báyìí,” ó wí, ó na àyà síwájú. “Tiwọn ló gbé Màmá ṣubú. Tèmi ló gbé wọn dìde nígbà àkọ́kọ́.”

Nọ́ọ̀sì gba ike, ó ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára sókè: “‘Ó ń lé gbogbo àìsàn.’ Ta ló kọ eléyìí?”

“Èmi ni.”

“Ẹ ya á dànù.”

“Há! Ṣebí ẹ ní tèmi ló dára?”

“Mo ní ẹ̀ ń sè é, ó sì mọ́. Oúnjẹ tó dára ni. Kì í ṣe oògùn.” Ó fà á ya fúnra rẹ̀. “Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Inú ìfun ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun ara wa ń gbé. Kòkòrò rere tó wà nínú wàrà kíkan lè bá wọn ṣe pọ̀. Ó lè dín àwọn ìgbẹ́ gbuuru kan kù, pàápàá èyí tó máa ń tẹ̀ lé oògùn apakòkòrò. Ó lè ṣe é. Kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn, kì í sì í ṣe gbogbo irú kòkòrò rere ló ń ṣe é. Kò lè wo òtútù àyà. Oògùn tí ẹ̀gbọ́n yín kà sí Màmá lọ́wọ́, tí wọ́n lò tán, ló wò ó.”

Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè díẹ̀.

“Ẹ má yọ̀ o,” ni nọ́ọ̀sì sọ fún un. “Páúdà ṣíbí mẹ́ta ńkọ́? Lóòótọ́, ara ń fi èròjà amúaradàgbà ṣe ohun ìjà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó bíríkì yàrá mẹ́ta fún ẹni tó ń kọ́ yàrá kan, ṣé yàrá náà á di mẹ́ta? Kíndìnrín àgbàlagbà ló máa ru èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀wà ní amúaradàgbà, ẹyin ní in, ẹja ní in. Àwọn kan sì wà tí ara wọn kọ amúaradàgbà inú wàrà. Bí wọ́n bá mu ún tí ara wọn sú, tí ètè wọ́n wú, tí èémí wọ́n há, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ kíákíá.”

“Ọmọ ọwọ́ ńkọ́?” Oníwàrà béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Àwọn ìyá máa ń bi mí.”

“Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, wàrà màlúù kò gbọ́dọ̀ rọ́pò ọmú ìyá rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tàbí tí agbára ara rẹ̀ ti dín kù nítorí àìsàn mìíràn, kó bi dókítà kó tó lo ohunkóhun tí kòkòrò abẹ̀mí wà nínú rẹ̀, ìbáà ṣe oníhóró tàbí oníyẹ̀fun. Ohun tó jẹ́ ọ̀rẹ́ fún ara líle lè di ọ̀tá fún ara tí kò le.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, owú kì í ṣe ara ohun èlò ìdáná. Ẹ má fi ìyá yín, ọmọ yín tàbí aláìsàn ilé yín dán ìdíje wò. Ẹ má mu wàrà tí a kò sè, ẹ má sì gbé e fún ẹlòmíràn, bó ti wù kí màlúù náà lẹ́wà tó. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fọ imú fún un. Ẹni tó bá ń tà á kó má ṣe fi oúnjẹ pe oògùn. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú àgbàlagbà tàbí ọmọdé nílé yín, ẹ tètè fún un ní omi oníyọ̀ àti oníṣúgà tí wọ́n ń fúnni ní ilé ìwòsàn, ẹ gbé e lọ síbẹ̀, kí ẹ sì sọ òótọ́ tí nọ́ọ̀sì bá béèrè ohun tó jẹ. Irọ́ kékeré lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn lè rán dókítà lọ sí ọ̀nà tí kò sí.

Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n délé, onígbàjámọ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun, ó se wàrà títí ó fi hó, ó wọ̀n ọ́n, ó dúró tì í. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ wọ yàrá Màmá, ife kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó ilé ń tẹ́ ibùsùn lọ́wọ́.

“Màmá, èyí wo lẹ máa kọ́kọ́ mu?” ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

“Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n,” ni àbúrò wí, ṣùgbọ́n ó sún ife tirẹ̀ síwájú díẹ̀.

Màmá wo ife méjèèjì.

“Ẹ gbé e fún ìyàwó yín. Òun náà ló ń mu ti Oníwàrà látọjọ́ yìí.”

Ìyàwó ilé dojú kọ ìrọ̀rí, ó ń gbá a bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

“Màmá!” Oníwàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ife sílẹ̀. “Ṣebí ẹ ní wàrà mi ló gbé yín dìde?”

“O ń bi mí láràárọ̀. Kí n ní kí ni?”

“Tèmi wá ńkọ́?” ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

“Ìwọ dúró lé mi lórí,” ni Màmá wí. “Èmi ò fẹ́ràn wàrà.”